Ta ló ni ilé ìwé abúlé wa láyé òyìnbó: ìjọ ni, ìjọba ni, àbí àwa?

Ọmọ Olóko:

Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, ó ti fẹ́ dìjà nínú ìpàdé ọmọ bíbí ìlú wa. Abúlé wa ò tóbi, ọ̀nà Ifẹ̀ ni, ẹ jẹ́ n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ṣì wà lórí ìdúró, ogiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, páànù orí ẹ̀ ti pọ́n bí epo. Ní báyìí ìjọ kan ní àwọn ló ni ín, kí ìjọba dá a padà fáwọn. Àwọn kánsù ní irọ́ ni, ti ìjọba ni. Àwọn ọmọ Baálẹ̀ náà dìde, wọ́n ní bàbá àwọn ló yọ̀ǹda ilẹ̀, gbogbo abúlé ló po amọ̀ ẹ̀, ìjọ ò gbé bíríkì kan.

Ohun tó wá jẹ́ kí n kọ èyí ni pé mo tú àpótí bàbá bàbá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí rìsíìtì kékeré kan, owó ilé ìwé ni, ṣílè kan àti sísì, 1938, orúkọ ìjọ yẹn ló wà lókè ẹ̀. Mo yí i padà. Bàbá ti fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ èèyàn mọ́kànlá sẹ́yìn ẹ̀ àti iye ọparun tí kálukú gbé wá. Mo kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mò ń wò ó.

Ìbéèrè mi nìyí: láyé òyìnbó yẹn, ta ló ń darí ilé ìwé abúlé gan-an? Ta ló ń gba tísà síṣẹ́, ta ló ń sanwó ẹ̀, ta ló lè ti ibẹ̀ pa? Torí "ilé ìwé gọ́fúmẹ́ńtì" ni gbogbo wa ń pè é láti kékeré, mi ò sì mọ̀ bóyá gọ́fúmẹ́ńtì fọwọ́ kàn án rí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ.


Tísà Fẹ̀yìntì:

Ọmọ Olóko, o káre. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tísà, bàbá tó bí mi náà tísà ni, ìwé mẹ́fà ló kà tí wọ́n fi gbé ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí nílé wa ló ti wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń jà yẹn, kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn, ibi tí wàhálà ẹ̀ wà gan-an nìyẹn.

Ìjọba òyìnbó ò kọ́ ilé ìwé púpọ̀ lóko. Àwọn míṣọ̀n ló kọ́kọ́ dé, Wẹ́síléè (ìyẹn Mẹ́tọ́díìsì) àti CMS (ìjọ Áńgílíkà), Àgbádárìgì ni wọ́n gbà wọlé ní 1842 àti 1843. Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí ìjọba tó ṣe òfin ẹ̀kọ́ kankan, 1882, ìgbà yẹn wọ́n ṣì ń fi Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast, ìgbà tó di 1887 Èkó wá ní tiẹ̀. Kí ni òfin yẹn sọ? Kò ju pé: ẹ̀yin míṣọ̀n ẹ máa kọ́ ọ, ẹ máa darí ẹ̀, tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá wá wò ó tó sì dára lójú ẹ̀, a ó fún yín ní gírántì, ìyẹn owó ìrànwọ́. Ìdánwò àwọn ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó náà nígbà yẹn. Ọmọ fèèlì, owó dín. Ẹ ẹ̀ wá rí i bí pàṣán ṣe ń lọ sókè sódò lọ́jọ́ tó bá ku ọ̀la kí ìnsípẹ́kítọ̀ dé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà wá wo ilé ìwé Áfíríkà, tí ìròyìn wọn sì jáde ní 1922, London gbé ìlànà kan jáde ní 1925, òfin tuntun wá dé Nàìjíríà ní 1926. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní o ò lè ṣí ilé ìwé láìgbàṣẹ, tísà gbọ́dọ̀ lórúkọ nínú rẹ́jísítà ìjọba, kí míṣọ̀n ní àwọn supáfáísọ̀ tí á máa yí ká. Àmọ́ abúlé ò dúró de àṣẹ o. Àìmọye ilé ìwé oko ló wà tí ò rí kọ́bọ̀ gírántì gbà, tí wọ́n sì ń kọ́mọ lọ.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ ó ránṣẹ́ sí pásítọ̀ ìlú pé ẹ fẹ́ tísà. Pásítọ̀ á ní ẹ lọ kọ́lé ná. Ẹ ó po amọ̀, ẹ ó gé ọparun, ẹ ó fi ewé tàbí bẹẹrẹ bò ó lórí, páànù tiyín yẹn á jẹ́ pé ìgbà tí kòkó lówó lórí ni wọ́n rà á. Ẹ ó kọ́ ilé tísà mọ́ ọn. Wọ́n á wá rán ọmọkùnrin kan tó ka ìwé mẹ́fà sí yín, á má tíì pé ogún ọdún, òun ló ń kọ́ ọmọ, òun ló ń lu agogo lọ́jọ́ Sunday, òun ló ń wàásù tí pásítọ̀ ò bá wá, òun náà ló ń bá gbogbo abúlé kọ lẹ́tà sí àjẹ́lẹ̀. Owó oṣù ẹ̀ ń wá látinú owó ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń san, míṣọ̀n á fi nǹkan lé e, tí gírántì bá sì wà, ọwọ́ máníjà ló ń bọ́ sí. Má ro pé máníjà tibí yìí ń wọ kóòtù o, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ń gbé ní ìlú ńlá ni. Òun ló gba tísà, òun ló lè lé e, òun ló lè gbé e kúrò ní abúlé yín lọ sí abúlé míì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Gọ́fúmẹ́ńtì ò mọ tísà yẹn sójú.

Bàbá mi ní oṣù mẹ́rin gbáko ni òun fi jẹ iṣu tí àwọn òbí ọmọ ń gbé wá, torí owó oṣù ò dé. Ọjọ́ tó wá dé, wọ́n ti yọ ti ṣọ́ọ̀ṣì kúrò nínú ẹ̀, wọn ò bi í. Ó ní òun kọrin ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Sunday yẹn ṣáá, ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún.


Àbíkẹ́ Aláṣọ:

Tísà ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrántí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ gbogbo ẹ̀ ẹ ò mẹ́nu kan oko 😂. Ìyá mi ní àwọn ò mọ̀ bóyá ilé ìwé làwọn ń lọ àbí oko tísà. Ọjọ́ Friday omi, igi ìdáná, ṣíṣán oko, iṣu tísà ló ń kọ́kọ́ ta ní gbogbo abúlé yẹn torí ọmọ ogójì ló ń ro ó lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ní ọgbà ilé ìwé lọ́tọ̀ tí ìnsípẹ́kítọ̀ máa ń fẹ́ wò ju ohun tí wọ́n kọ sí síléètì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ẹ bá mi sọ, kí ló fà á?

Bàbá ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ gbogbo ọmọ ẹ̀ kúrò torí ọgbà yẹn. Ó ní "ọkọ́ tí mo ní nílé ò tó ni, tí màá fi san sísì kí wọ́n tún lọ kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ebè?" Akọ̀wé ló fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ dà, kó wọ bàtà, kó wà lọ́fíìsì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Ti ọmọbìnrin wá burú jáì. Mẹ́rin ni wọ́n nínú kíláàsì ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló wà nígbà tí wọ́n mú un lọ, wọ́n ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kó fi kan etí òsì, ọwọ́ ò tó o, wọ́n ní kó padà sílé. Ó ní gbogbo ọdún yẹn ni òun fi ń fa ọwọ́ òun lẹ́yìn ilé, tí òun ń fi so mọ́ ẹ̀ka igi. Nígbà tó padà wọlé tán, ó dé ìwé mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bímọ, wọ́n ní kó wá gbọ́mọ. Ó parí síbẹ̀. Títí tó fi kú tó bá fẹ́ sáìnì nǹkan á kọ́kọ́ fá àtàǹpàkò mọ́ aṣọ bíi ẹni tó fẹ́ nu síléètì.


Tísà Fẹ̀yìntì:

Àbíkẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere. Ọgbà yẹn, ìlànà 1925 yẹn ló gbé e wá. Wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé ará oko mu, kí ọmọ àgbẹ̀ má kàwé tán kó sá lọ sí ìlú. Ó dára létí. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́, ọmọ tiẹ̀ ń kọ́ Látìnì ní Ìlú Ọba. Àwọn bàbá wa mọ ohun tí wọ́n ń rí: ẹni tó ka ìwé mẹ́fà ló ń gbowó oṣù, kì í ṣe ẹni tó mọ ebè kọ.


Ọmọ Àáfà:

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n kí lẹ wá ń pè ní ilé ìwé gbogbo ìlú nínú èyí tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí? Lóko wa ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ní ilé ìwé. Bàbá bàbá mi Sùlé ni, Sùlé ni wọ́n sọ ọ́ níkómọ, tísà kọ Samuel sínú rẹ́jísítà, ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Sùlé. Samuel yẹn náà ló lò níbi iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ilé ló ti ń jẹ́ Sùlé. Bàbá ẹ̀ náà po amọ̀ o, ó sanwó ilé ìwé pé, síbẹ̀ tí ọmọ ò bá wá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ Monday á jẹ ẹgba. Ọ̀pọ̀ bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí kúkú fi ọmọ sílé kéú wọn, wọ́n ní ó tán, ìyẹn ló fà á tí a fi gbẹ́yìn.

Ìjọba mọ̀ nípa ẹ̀ o. Kó tó di 1900 wọ́n ti dá ilé ìwé ìjọba ti Mùsùlùmí sílẹ̀ l'Ékòó, Henry Carr, òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ẹ̀kọ́, ló sapá lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó nìyẹn. Ó di 1923 kí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ansar-Ud-Deen tó bẹ̀rẹ̀, kí tiwọn tó wá dé oko, ìran kan ti lọ. Ọmọ Olóko, tí ìjọ yẹn bá ní kí wọ́n dá ilé ìwé padà fáwọn, ẹ bi wọ́n kí wọ́n dá iṣẹ́ amọ̀ àwọn bàbá wa padà náà.


Ọmọ Olóko:

Ha. Mi ò ronú dé ibẹ̀ yẹn rárá. Tísà ẹ jọ̀ọ́, owó orí ńkọ́? Ṣebí wọ́n ń san owó orí fún kánsù nígbà yẹn, kò sí èyí tó ń lọ sí ilé ìwé ni?


Ọmọ Alákétu:

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé, lápá Benin. Kí Tísà tó dáhùn ti owó orí ẹ jẹ́ n bá yín dá tiwa sí i, torí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá yẹn a ní in níbí, kò sì sàn ju tiyín lọ.

Àwọn fadà ní ilé ìwé lọ́dọ̀ wa o, ṣùgbọ́n Faransé fúnra ẹ̀ ló to ilé ìwé ìjọba kalẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1903, ilé ìwé abúlé nísàlẹ̀, ti agbègbè lé e, títí ó fi kan William Ponty ní Senegal, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tísà àgbà. Tísà tiwa, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kò sí pásítọ̀ tó lè lé e. A ò sanwó ilé ìwé. Ó dùn létí àbí? Ilé ìwé ò pọ̀ ni. Abúlé púpọ̀ ò rí ọ̀kan. Ibi tó bá sì wà, kòmándà, àjẹ́lẹ̀ ti Faransé, ló ń ránṣẹ́ sáwọn olóyè pé kí wọ́n kó ọmọ wá, àwọn olóyè míì á gbé ọmọ tiwọn pa mọ́, wọ́n á mú ọmọ tálákà lọ. Nígbà tó yá ọmọ tálákà yẹn náà ló wá ń ṣe akọ̀wé lórí wọn 😄

Ohun tó dun bàbá bàbá mi jù ni èdè. Faransé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí "a bí dí". Tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹ nínú ọgbà, wọ́n á fi nǹkan kọ́ ẹ lọ́rùn, tiwọn egungun ẹran ni tí wọ́n fi okùn so, "symbole" ni wọ́n ń pè é. O ò lè bọ́ ọ àfi tó o bá mú ẹlòmíì tó sọ Yorùbá, o wá gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn ẹ̀ nírọ̀lẹ́ á jìyà. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ á máa dẹ ara wọn, ìwọ á tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ kí n lè pariwo "yéè".

Ó ní ìbátan kan ní Ìmẹ̀kọ, lápá òyìnbó tiyín, kò jìnnà rárá. Ó lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, ó bá ọmọ yẹn níwájú ilé tó ń ka ìwé Yorùbá sókè fún ìyá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ ó ń dáhùn. Bàbá ti ka Faransé ọdún mẹ́ta nígbà yẹn, kò sí nǹkan tó lè kà fún ìyá tiẹ̀ tó máa yé e. Ó ní òun ò lè bá ìbátan yẹn ṣeré lọ́jọ́ yẹn.


Tísà Fẹ̀yìntì:

Ọmọ Alákétu o ṣeun gan, o sọ ohun tí mi ò lè sọ. Ọmọ Àáfà, òótọ́ lo sọ, mi ò ní jiyàn, bàbá mi náà bẹ́ẹ̀ ló ń kọ orúkọ.

Owó orí. Ó ń lọ síbẹ̀ díẹ̀. Àpò kan wà fún Ọba àti àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀ lábẹ́ àjẹ́lẹ̀, àwọn kan fi kọ́ ilé ìwé tiwọn, ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti míṣọ̀n. Ọ̀nà, afárá, owó oṣù akọ̀wé kóòtù, ibẹ̀ ló ń bá lọ. Ara abúlé ń sanwó orí, ó tún ń san owó ilé ìwé, ó tún ń po amọ̀. Ìgbà tí ọ̀dá owó dé lẹ́yìn 1929 tí kòkó ò lówó lórí mọ́, ọmọ ń kúrò nílé ìwé, wọ́n ń gé owó tísà, July 1931 làwọn tísà wá kó ara wọn jọ dá NUT, ẹgbẹ́ àwọn tísà, sílẹ̀, Rẹ́fẹ́réndì Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 1948. Phillipson, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó, ṣàyẹ̀wò gírántì, ó wá gbé ìlànà kan kalẹ̀: kí wọ́n ṣírò owó oṣù gbogbo tísà ilé ìwé, kí wọ́n yọ iye tí wọ́n *rò pé* ará abúlé lè dá kúrò, ìyókù ni gírántì. Tí abúlé ò bá wá rí iye yẹn dá ńkọ́? Ìyẹn ò sí nínú ìṣirò. Máníjà á wá a, tísà á dúró dè é, òbí á máa sá fún tísà lọ́jà.

1955 ló wá da gbogbo ẹ̀ rú. Awokoya ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ ní 1952, òun ni mínísítà ẹ̀kọ́ Awólọ́wọ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ wọ́n bu owó orí kan fún wa, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ariwo tó ta lóko kò ṣeé sọ. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wo ló ń gba ṣílè mẹ́wàá? Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ (Action Group) fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ 1954 nílẹ̀ wọn níbí, alákùkọ, ìyẹn NCNC, ló wọlé, owó yẹn wà nínú ohun tó fà á. Wọn ò yẹsẹ̀ ṣá. January 17, 1955 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọmọ 456,600 ló wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ó di 811,432 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ fojú inú wo ìyẹn. Ọmọ ń jókòó sílẹ̀, ọmọ ń jókòó lórí òkúta tó gbé láti ilé, tísà tó pọ̀ nínú wọn ò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ rí. Wọ́n gé ìwé ọdún mẹ́jọ kù sí mẹ́fà. Bàbá mi tó ti ń kọ́ ọmọ ogójì bá ara ẹ̀ níwájú ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó ní òun fi ọ̀sẹ̀ méjì pe orúkọ kí òun tó mọ ẹni tó ń jẹ́ ta.

Láti ọjọ́ yẹn lowó oṣù tísà ti ń tọ̀dọ̀ ìjọba wá, ṣùgbọ́n máníjà ìjọ ṣì ni ọ̀gá ẹ̀. Àwọn kánsù náà wá ń ṣí tiwọn. Láyé ológun ni ìjọba wá gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ pátápátá. Nítorí náà kánsù tó ní ti ìjọba ni, láti 1955 ló ti ń kà á.

Ọmọ Olóko, tó o bá ráyè, lọ sí National Archives nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Fáìlì àwọn àjẹ́lẹ̀ wà ńbẹ̀, ti ẹkùn Ọ̀yọ́ àti ti Ifẹ̀, ìwé CMS náà wà ńbẹ̀. Béèrè fáìlì ilé ìwé agbègbè yín, tí wọ́n bá gbàṣẹ kí wọ́n tó ṣí i, lẹ́tà ìtọrọ àṣẹ á wà, ẹni tó sáìnì ẹ̀ á wà. Rìsíìtì yẹn, má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ o, á jẹ ẹ́.


Àbíkẹ́ Aláṣọ:

Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin! Mo ní mẹ́ta nílé wọ́n ti fẹ́ pa mí.


Ọmọ Olóko:

Ẹ ṣeun gbogbo yín, Tísà ẹ ṣeun sà, mo ti yọ sẹ́lótéèpù tí mo ti gé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò nítòsí. Lánàá mo tún jókòó ka orúkọ mọ́kànlá yẹn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ Ọmọ Àáfà. Mẹ́rin nínú wọn Mùsùlùmí ni. Ẹni tó gbé ọparun jù, ogún, Yésúfù ni. Bàbá bàbá mi gbé méje. Ẹni tí wọ́n kọ "tísà" sí níwájú gbé méjì, ìyẹn ni pé òun náà gbé o. Orúkọ Baálẹ̀ ò sí ńbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tó fún wọn nílẹ̀ ò tún ní gbé ọparun.

Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Fọ́tò ni màá mú lọ, ojú méjèèjì. Rìsíìtì fúnra ẹ̀ ń dúró nínú àpótí bàbá, mo mọ àwọn tó máa wá síbẹ̀.